Ìpẹtà Tí Màmá Fọ̀ Dànù

Jẹ́jẹ́ ni gbogbo àdúgbò ń pe ọkùnrin kan tó ń tún ìbọn ṣe. Ìyàwó rẹ̀ a máa sọ pé bí ọkọ òun bá bá ìgbín sáré, ìgbín ni yóò gba ipò kìíní.

Ọdẹ kan gbé ìbọn ẹlẹ́nu méjì wá fún un. Àwọ̀ dúdú ara rẹ̀ ti ṣí, irin funfun ti yọjú. Ọdẹ ní kó kúkú ri í sínú omi oníyọ̀ gbígbóná tí àwọn oníṣẹ́ ìsinsìnyí ń lò, kó lè tètè dúdú.

"Òjé ni wọ́n fi lẹ ọ̀pá méjèèjì mọ́ra," Jẹ́jẹ́ dá a lóhùn. "Omi yẹn á jẹ òjé náà. Ìbọn lo gbé wá, àbí páìpù méjì lo fẹ́ gbé lọ?"

Ọdẹ rẹ́rìn-ín, ó ní kó ṣe é bó ṣe mọ̀ ọ́n ṣe.

Jẹ́jẹ́ tú ìbọn, ó fọ epo kúrò lára ọ̀pá rẹ̀, ó fi oògùn tó ń mú irin dípẹtà pa á lára, ó sì gbé e kọ́ sí balùwẹ̀ ilé rẹ̀, níbi tí ọ̀rinrin pọ̀ sí. Bí ìpẹtà bá ti bò ó, á sè é nínú omi híhó lásán, èyí tí kò lè ṣe òjé ní nǹkan kan. Ìpẹtà pupa á di dúdú, á fi búrọ́ọ̀ṣì onírin rírọ̀ gbọn ìyẹ̀fun rẹ̀ dànù, á tún bẹ̀rẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ni dúdú ń wọ irin lára.

Ó ku ẹ̀ẹ̀kan péré kí iṣẹ́ parí ni ìyá ìyàwó rẹ̀ wá kí wọn. Màmá yìí àti ìdọ̀tí kì í gbé ilé kan náà. Kí wọ́n tó jókòó sórí àga, wọ́n á ti nu ẹsẹ̀ àga. Wọ́n wọ balùwẹ̀ láti wẹ̀, wọ́n bá irin gígùn tó pupa bí amọ̀ níbi tí wọ́n fẹ́ fi aṣọ kọ́.

Nígbà tí Jẹ́jẹ́ dé láti ṣọ́ọ̀bù, Màmá ti ń dúró dè é lẹ́nu ọ̀nà. Ọ̀pá ìbọn wà lọ́wọ́ wọn, ó funfun, ó ń kọ mànà, epo ń ro tótó lára rẹ̀.

"Ọkọ mi, ó mà ti ń bàjẹ́ mọ́ yín lọ́wọ́! Yanrìn àti kànìnkànìn ni mo fi bá a jà."

Jẹ́jẹ́ gba ọ̀pá náà lọ́wọ́ wọn. Ta ló ń bú ìyá ìyàwó? "Ẹ ṣé gan-an ni, Màmá," ló rí sọ. Ó yà sí ilé ìdáná, ó bá ìyàwó rẹ̀ tó ti ń rẹ́rìn-ín dé ilẹ̀.

"O ò sọ fún wọn ni?"

"Ṣé mo mọ̀ pé wọ́n á fọ irin kí wọ́n tó fọ ara wọn?"

Màmá ti gbọ́. Wọ́n wọlé, ẹ̀rín ti kúrò lójú wọn. "Kí ni mo bàjẹ́?"

Ìyàwó ṣàlàyé. Màmá rọra jókòó, wọn ò tilẹ̀ rántí nu àga. Àánú wọn ṣe Jẹ́jẹ́. Ó ní, "Màmá, ohun tó ṣeé tún ṣe ò tíì bàjẹ́."

"Ó dáa, ẹ fún mi ní búrọ́ọ̀ṣì yẹn."

Wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Bí ìpẹtà bá ti ń yọ, Màmá á dijú wọ balùwẹ̀ kí wọ́n má baà rí i, wọ́n á máa táràrà kiri wá ọṣẹ. "Ẹ jẹ́ kó dípẹtà, ká fọ̀ ọ́, ẹ tún jẹ́ kó dípẹtà! Kí ni irin yìí fi ṣe yín?" Ṣùgbọ́n bó bá di ti búrọ́ọ̀ṣì, ọwọ́ wọn fúyẹ́, kò fo ibì kankan, ó sàn ju ti Jẹ́jẹ́ lọ.

Ọdẹ wá béèrè ìbọn nígbà tí iṣẹ́ ò tíì parí. Jẹ́jẹ́ ń di ẹ̀bi ru ojú ọjọ́ lọ́wọ́, ni Màmá bá pariwo láti inú ilé: "Irọ́ ni! Èmi ni mo fọ̀ ọ́!"

Nígbà tí ọdẹ padà wá, ìbọn ti pé, ó dúdú minimini, òjé àárín rẹ̀ dúró digbí. Ọdẹ na ọwọ́ sí i. Màmá, tó gbé e lọ́wọ́, fà á sẹ́yìn.

"Ẹ̀yin lẹ ni ín, mo mọ̀. Ọwọ́ yín mọ́?"

Ọdẹ wo Jẹ́jẹ́. Jẹ́jẹ́ ń wo òkè àjà. Ọdẹ gba ìdí ẹ̀rọ omi lọ, ó lọ fọwọ́.