Ìwé Ìpolówó Tí Àgbò Lẹ̀ Mọ́ Odò-Ẹran

Ẹ̀yìn odò-ẹran gan-an ni ṣọ́ọ̀bù Àǹtí Kọ̀ǹpútà wà, níbi tí àwọn alápatà ti ń pa màlúù láràárọ̀. Bí atẹ́gùn bá fẹ́ láti ọ̀hún, òórùn ẹ̀jẹ̀ ló ń bá a wọlé, ó sì ti mọ́ Àǹtí lára. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó máa tẹ ìwé fún ènìyàn, kó sì máa tún èyí tí wọ́n ti tẹ̀ bàjẹ́ ṣe. Ẹni tó tẹ ọ̀rọ̀ sórí fóònù láìfi àmì sí i, ẹni tó fi àlàfo méjì síbi tó yẹ kí ẹyọ kan wà, ẹni tí àmì ìdánudúró rẹ̀ jìnnà sí ọ̀rọ̀ bí ọmọ tó ń bínú sí ìyá rẹ̀, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni gbogbo wọn ń bọ̀. Á ní kí kọ̀ǹpútà bá òun wá gbogbo àlàfo méjì-méjì kó sọ wọ́n di ẹyọ kan, á fa ìdánudúró mọ́ ìdí ọ̀rọ̀, lẹ́yìn náà á fi ojú ara rẹ̀ ka ìyókù, nítorí ó máa ń sọ pé ẹ̀rọ kò mọ ìyàtọ̀ ọkọ̀ sí ọkọ.

Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, ọmọ ìyá rẹ̀ kan ṣoṣo, alápatà ni. Eegun-ò-le ni wọ́n ń pè é, nítorí ọwọ́ kan ló fi ń gbé àáké ṣẹ́ itan màlúù. Inú rẹ̀ kì í tètè bàjẹ́, ṣùgbọ́n tó bá bàjẹ́, kí oníkálukú wábi gbà ni. Bàbá Òṣùwọ̀n, ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́, ni alága ẹgbẹ́ alápatà. Lọ́dún yẹn, ọkùnrin kan tí wọ́n ń pè ní Àgbò dìde, ó ní òun náà fẹ́ ṣe alága, bí odò-ẹran ṣe pín sí méjì nìyẹn. Wọ́n ti fi ìwo màlúù gún ẹnì kan nítan níbi tí wọ́n ti ń fọ ìfun. Wọ́n ti da omi gbígbóná sí ẹlòmíràn lẹ́yìn. Ìbò kò tíì dé o.

Ọ̀sán ọjọ́ kan ni Àgbò wọ ṣọ́ọ̀bù Àǹtí pẹ̀lú àbúrò rẹ̀, ọkùnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbéyàwó, tí ẹ̀rín kì í wọ́n lẹ́nu rẹ̀. Ìwé ìpolówó ìbò ni wọ́n fẹ́ tẹ̀. Orí fóònù ni ọ̀rọ̀ náà wà, kò sí àmì kankan lórí rẹ̀. Àǹtí ka ibì kan, ó bi wọ́n bóyá ọ̀bẹ ni wọ́n fẹ́ pọ́n tàbí ọbẹ̀. Àbúrò Àgbò rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú, ó ní kí wọ́n kúkú bá àwọn fi ata sí i. Àgbò kò rẹ́rìn-ín. Kò fẹ́ràn kí ènìyàn fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ rẹ́rìn-ín.

Àǹtí tún gbogbo rẹ̀ ṣe. Ó fi àmì sórí, ó fi sísàlẹ̀, ó kó ọ̀rọ̀ náà sínú àpótí kan tó ya sójú kọ̀ǹpútà kó lè ní etí tó dára, ó sì kà á délẹ̀. Gbólóhùn tó kẹ́yìn ni: “A ó pa gbogbo alátakò wa lẹ́nu mọ́ pẹ̀lú iṣẹ́ rere.” Àgbò wò ó, ó ní lẹ́tà náà kéré, òun fẹ́ èyí tí ẹni tó wà lódìkejì títì máa kà láìlo awò ojú. Àǹtí sọ lẹ́tà di ńlá. Lẹ́tà tóbi, àpótí kò tóbi, ìlà tó kẹ́yìn bá já sí abẹ́ etí àpótí níbi tí ojú kò lè rí i. Èrò ti pọ̀ lẹ́nu ọ̀nà, iná sì ti ń ṣẹ́jú. Àǹtí rò pé òun ti kà á tán, kò tún un kà. Ó ní kí ẹ̀rọ máa tẹ̀ ẹ́ jáde. Ohun tó wà nísàlẹ̀ bébà tí wọ́n kó lọ ni: “A ó pa gbogbo alátakò wa.”

Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́ dáadáa, wọ́n ti lẹ̀ ẹ́ yí ògiri odò-ẹran ká. Bàbá Òṣùwọ̀n ló kà á sókè fún àwọn tí kò mọ̀wé, ó rọra ń kà á. Ó tún ìlà tó wà nísàlẹ̀ kà lẹ́ẹ̀kejì. Ẹnì kan wá ní tí alágbẹ̀dẹ bá sọ bẹ́ẹ̀, a lè pè é ní àwàdà, ṣùgbọ́n ẹni tí pípa jẹ́ iṣẹ́ rẹ̀, ohun tó sọ ló ń sọ yẹn. Bàbá rán ènìyàn sí Àgbò kó wá ṣàlàyé. Wọ́n gbá ẹni tó rán létí. Láti ibẹ̀, eegun bẹ̀rẹ̀ sí í fò, lẹ́yìn eegun, òkúta, lẹ́yìn òkúta, irin tí wọ́n fi ń gbé ẹran kọ́. Ọ̀kan nínú irin náà há sí Bàbá Òṣùwọ̀n létí, ẹni tó mú un lọ́wọ́ sì fà á. Etí já, ó bá awọ ẹ̀rẹ̀kẹ́ lọ. Eegun-ò-le rí ẹ̀jẹ̀ ọ̀gá rẹ̀ nílẹ̀, níbi tó jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ ẹran nìkan ló ń ṣàn tẹ́lẹ̀, kò sì mọ ohun tó ń ṣe mọ́.

Àǹtí ń gbálẹ̀ ṣọ́ọ̀bù nígbà tí àbúrò rẹ̀ wọlé pẹ̀lú àwọn mélòó kan. Ẹ̀jẹ̀ dé ìgúnpá rẹ̀, ṣùgbọ́n ìyẹn kò ba Àǹtí lẹ́rù, bó ṣe máa ń rí láràárọ̀ nìyẹn. Eegun-ò-le gbé ìwé ìpolówó kan, tó ti fàya, lé orí tábìlì.

“Ta ló tẹ èyí?”

Àǹtí ní òun ni.

“O jókòó síbí, o tẹ̀ ẹ́ pé kí wọ́n pa mí?”

Láti kékeré, kò fi “o” bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sọ̀rọ̀ rí. Kí Àǹtí tó dáhùn, ọ̀kan nínú wọn ti gbé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, ó sọ ọ́ sínú gọ́tà. Òmíràn fi àpólà igi fọ́ dígí ojú fèrèsé. Eegun-ò-le fa ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ́rùn aṣọ, ó gbá orí rẹ̀ mọ́ ògiri lẹ́ẹ̀kan, ó tún un ṣe. Ẹnu Àǹtí kún fún ẹ̀jẹ̀. Ó ń bẹ̀ ẹ́ pé kó jọ̀ọ́, kó jẹ́ kí òun ṣí i kó fi ojú ara rẹ̀ rí i. Ó pẹ́ kó tó fi í sílẹ̀. Àǹtí ṣí ìwé náà lójú kọ̀ǹpútà, ó di etí àpótí mú, ó fà á wálẹ̀. Ìlà tó kù bá yọ.

Eegun-ò-le tẹ̀ síwájú, ó fi ìka ẹlẹ́jẹ̀ tẹ̀lé ọ̀rọ̀ náà. “Lẹ́nu mọ́,” ó ní. “Lẹ́nu mọ́ pẹ̀lú iṣẹ́ rere.”

Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. “Ẹ̀gbọ́n mi, mo ti gún àbúrò Àgbò. Ikùn ni mo gún un.”

Àwọn tó bá a wá gbọ́ ọ, wọ́n yọ́ jáde lọ́kọ̀ọ̀kan. Ariwo ti ń bọ̀ láti ọ̀nà odò-ẹran. Àǹtí ti àbúrò rẹ̀ sínú yàrá ẹ̀yìn tó ń kó bébà sí, ó fi àgádágodo sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, ó sì dúró níwájú ilẹ̀kùn náà. Àgbò wọlé pẹ̀lú àdá. Ẹ̀jẹ̀ àbúrò rẹ̀ ti rin aṣọ rẹ̀ láti àyà dé orúnkún. Ó ní kó kúrò lọ́nà. Àǹtí kò kúrò. Àgbò fi ẹ̀yìn àdá gbá a léjìká, eegun ibẹ̀ dún, Àǹtí ṣubú. Ó tún dìde, ó fi ẹ̀yìn ti ilẹ̀kùn. Ó ń sọ ọ́ bí ẹni tó ń sunkún pé òun lòun jẹ̀bi, pé ìlà kan ló sá pamọ́, pé kó wo kọ̀ǹpútà.

Àgbò wò ó. Apá tó gbé sókè rọ̀ wálẹ̀.

“Mo ti rí i,” ó ní. “Nígbà tí a ń lẹ̀ ẹ́ ni àbúrò mi fi hàn mí. Ó ní ọ̀rọ̀ náà kò parí, ká dá a padà fún yín kí ẹ tún un ṣe. Mo ní kó fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, kí ẹ̀rù bà wọ́n.”

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi àdá gé kọ̀ǹpútà náà, ó ń gé e bí ẹni ń gé igbá àyà màlúù, títí dígí àti ike fi fọ́n ká ilẹ̀. Kò sẹ́ni tó dá a dúró. Nígbà tí àwọn ọlọ́pàá dé, ó ṣì ń gé e, ó sì ń sunkún. Àǹtí fi ọwọ́ tó ṣì ṣeé lò ṣí àgádágodo. Eegun-ò-le jáde fúnra rẹ̀, ó na ọwọ́ méjèèjì sí wọn.

Àbúrò Àgbò kú sí ilé ìwòsàn kí ọjọ́ náà tó yí. Nílé ẹjọ́, Eegun-ò-le kò jiyàn, wọ́n sì rán an lẹ́wọ̀n ọdún gbọọrọ. Wọ́n rán Àgbò náà lẹ́wọ̀n, tirẹ̀ kò tó bẹ́ẹ̀. Bàbá Òṣùwọ̀n yè, ó ku etí kan, ó sì kọ̀yìn sí odò-ẹran pátápátá. Ẹni tí kò tilẹ̀ jà rárá ni wọ́n fi ṣe alága.

Nígbà tí èjìká Àǹtí san díẹ̀, ó tọrọ kọ̀ǹpútà àti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé àlòkù lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó sì ṣí ṣọ́ọ̀bù. Oníbàárà àkọ́kọ́ tó wọlé ni ìyá Àgbò, ìyá ọmọ tó kú. Ó ní àwọn fẹ́ ṣe ìwé ìrántí ọmọ náà, kò sì sí ẹlòmíràn nítòsí tó ń tẹ̀wé. Àǹtí fẹ́ kúnlẹ̀, ìyá ní kó jókòó síbi iṣẹ́ rẹ̀. Ìyá ń sọ ọ́, Àǹtí ń tẹ̀ ẹ́: ọjọ́ tí wọ́n bí i, ìyàwó tó fi sílẹ̀, bó ṣe máa ń rẹ́rìn-ín débi pé àwọn ọmọ tí kò mọ̀ ọ́n á máa bá a rẹ́rìn-ín. Nígbà tó jáde lórí bébà, ìyá ní òun kò mọ̀wé, kó kà á sí òun létí, kó sì kà á dé ìsàlẹ̀.

Àǹtí kà á. Ó ń fi ìka tẹ̀lé ìlà kọ̀ọ̀kan títí dé èyí tó kẹ́yìn. Nígbà tó parí, ìyá bi í bóyá àbúrò rẹ̀ ń jẹun níbi tó wà. Àǹtí ní òun kò mọ̀, pé àbúrò òun kò gbà kí òun wá rí i lẹ́wọ̀n. Ìyá rọra ká bébà náà, ó fi í sábẹ́ apá, ó sì jáde láì sọ pé ó dìgbà.