Páànù Aláwọ̀ Ewé

“Ilé là á wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ìwọ, òkè lo ti wò ó, lo bá gbé wáyà iná lé ìyá ẹ lórí. Ṣé ojú ẹ fọ́ ni?”

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ló ń pariwo, tẹ́ẹ̀pù aránṣọ ṣì kọ́ ọ lọ́rùn. Àbúrò tó ń bá wí dúró sẹ́yìnkùlé ìyá wọn, èèkàn lọ́wọ́ òsì, òòlù lọ́wọ́ ọ̀tún. Òun ló ń fa ìlà sórí máàpù fún wáyà ńlá tí wọ́n fẹ́ fi ran iná gbogbo agbègbè lọ́wọ́, torí èyí tó wà nílẹ̀ ti di aláìsàn: bí ilé ìwòsàn bá tan ẹ̀rọ, ọjà á ṣókùnkùn.

“Ẹ̀gbọ́n mi, fọ́tò tí wọ́n yà láti òkè ni mo lò. Páànù tó ti dípẹtà ni mo mọ̀ mọ́ ilé wa. Aláwọ̀ ewé ni mo rí. Mo rò pé ilé ẹlòmíì ni.”

“Ta ló ra páànù aláwọ̀ ewé?”

Àbúrò fúnra rẹ̀ ló rà á. Ó fi ọkọ̀ ẹrù rán an wá lọ́dún tí ilé ń jò, kò sì wá wò ó rí.

“Bí èmi bá gé aṣọ fún ẹni tí mi ò wọ̀n, wọ́n á ní orí mi ò pé. Ìwọ gé ilé láìwọ̀n, wọ́n fi ẹ́ jọ̀gá.”

Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ yìí dun àbúrò. Ṣùgbọ́n gbogbo ara rẹ̀ dà bí apá tí èèyàn sùn lé.

Níbi iṣẹ́ wáyà yìí, lójú onílé ni wọ́n ti ń kan èèkàn àkọ́kọ́. Tó bá ti wọlẹ̀, ilé ti lọ nìyẹn, wíwó ló kù; ẹnikẹ́ni ò tún lè yí ìlà padà.

Ìyá wọn jáde, ó ń nu ọwọ́ sétí aṣọ.

“Màmá, ẹ wọlé padà. Màá ní mi ò bá yín nílé. Màá gbé ìlà gba ilé káfíńtà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín.”

“Kò síbòmíì?”

“Odò ló wà lápá kejì.”

“Nígbà tí páànù ẹ dé, ta ló kàn án?”

“Mi ò mọ̀, Màmá.”

“Mo ń retí ẹ, páànù wà nílẹ̀, òjò ń pa mí lórí bẹ́ẹ̀dì. Káfíńtà gun òrùlé, ó kàn án, kò bèèrè kọ́bọ̀ lọ́wọ́ mi. Àtìgbà náà, kò sí àárọ̀ tí kì í yọjú sí mi.”

“Ilé yín mà ni, Màmá,” ni ẹ̀gbọ́n wí. Ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀.

“Mo mọ ilé mi. Òun ni kò mọ̀ ọ́n.”

Ó na ọwọ́, ó gba òòlù lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀.

“Di èèkàn mú dáadáa.”

Àbúrò kúnlẹ̀, ó dì í mú. Ó ń wo ìka ara rẹ̀ bí ìka àlejò. Màmá gbé òòlù sókè, ó là á mọ́ orí èèkàn. Èèkàn mì. Ó tún là á mọ́ ọn. Ìgbà tó ṣe tán, orí èèkàn ti bá ilẹ̀ dọ́gba.