Ìbọn Méje Lábẹ́ Igi Ẹmi

Ẹ sún mọ́ mi díẹ̀, ẹ̀yin ènìyàn mi. Ẹni tó ní ẹ̀pà lọ́wọ́ kó máa pa á jẹ, ẹni tí oorun ń kùn kó bọ́jú, nítorí ìtàn tí mo mú wá lónìí dùn ún gbọ́. Ìtàn ọkùnrin kan ni tí òfin mẹ́ta dí lọ́nà, tí kò rú ọ̀kankan, tí ìbọn rẹ̀ sì dún.

Ọládépò lorúkọ rẹ̀, ọdẹ ará Ìrẹsà, lẹ́bàá Ògbómọ̀ṣọ́. Ọ̀yọ́ ló ti kọ́ iṣẹ́ ọdẹ, lọ́dọ̀ Bàbá Saifudeen. Nígbà tí bàbá náà kú, wọ́n sin ín bí a ti ń sin Mùsùlùmí, wọ́n sì ṣe fìdáù ọjọ́ kẹjọ. Ó wá ku tàwọn ọdẹ, ìyẹn ìpà, ètò tí a fi ń yọ ọdẹ tó kú kúrò láàrin àwọn tó ṣì wà láyé. Bí ìbọn méje kò bá dún, bàbá ṣì wà nínú igbó nìyẹn, àwọn ọmọ rẹ̀ kò sì ní lè gbójú sókè láwùjọ. Ọládépò ti ṣèlérí fún ọ̀gá rẹ̀ lórí àìsàn pé òun ni yóò yìn ìbọn náà.

Kí ló wá le níbẹ̀? Lọ́dún tó kọjá, wọ́n yìnbọn ìpà lẹ́nu ọ̀nà ilé òkú kan, kò jìnnà sí Ọjà Akẹ̀sán. Kò ba ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n ọjà tú, aboyún kan sì ṣubú lu àtẹ ata. Ọlọ́pàá gba ìbọn mẹ́rin. Káńsù ṣòfin pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ yìnbọn níbi tí kò tó kìlómítà kan sí ilé tí ènìyàn ń gbé. Láti ìgbà náà, ẹ̀rù ń ba àwọn ọdẹ.

Nígbà tí Ọládépò dé Ọ̀yọ́, ó bá Josiah, olórí ọdẹ àdúgbò, nílé olóògbé, pẹ̀lú Raliat ọmọ bàbá, tó ń ránṣọ ní Akẹ̀sán.

"Ẹ kú ọ̀rọ̀ ènìyàn, Bàbá. Ọjọ́ wo la fi ìpà sí?"

"Sátidé. Ṣùgbọ́n bángà la ó fi ṣe é."

"Bángà wo, Bàbá?"

"Tàwọn ọmọdé. Ti Kérésì. Òun náà ń dún."

Raliat gbé aṣọ tó ń rán sílẹ̀. "Bàbá mi pa ẹfọ̀n, ẹ fẹ́ fi bángà sìn ín. Ẹ kúkú so bàlúùnù mọ́ ọn."

"Ẹnu rẹ mú ju abẹ́rẹ́ rẹ lọ," ni Josiah wí. "Tí wọ́n bá tì mí mọ́lé, ṣé ìwọ ni yóò máa gbé oúnjẹ wá?"

Ọládépò ní kí wọ́n fún òun lọ́jọ́ mẹ́ta. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ là á pa àmúkùrù orí ẹpọ̀n. Ẹni tó bá fi ìbínú pa á, ara rẹ̀ ló lù.

Ó lọ sí tésàn. Ọlọ́pàá yẹ láísẹ́nsì rẹ̀ wò, ó ní, "Ìwé yìí fún ẹ láyè láti ní ìbọn. Ibi tí wàá ti yìn ín, bi káńsù."

Ní káńsù, Àánúolúwapọ̀, ọmọbìnrin tó jẹ́ akọ̀wé ibẹ̀, dá a lóhùn tẹ̀ríntẹ̀rín. "Bàbá, tẹ́ ẹ bá ti kọjá kìlómítà kan sí ilé tó kẹ́yìn, òfin tiwa parí nìyẹn. Ṣùgbọ́n igbó ọba, tí ìjọba ń ṣọ́, ló kù níwájú. Ẹ bi àwọn tó ni ín."

Àwọn onígbó ọba bi í pé, "Ẹran wo lẹ fẹ́ pa?"

"Kò sí. Sókè ni mo fẹ́ yìn ín sí."

"Ìwé tiwa, ti ẹran ni. Ẹ ò nílò rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má gbé ìbọn kọjá òpó ààlà wa."

Ọládépò padà, ó jókòó, ó ń rò ó. Nígbà tó yá, ó yíjú sí Josiah. "Bàbá, ta ló kọ́kọ́ gbé ìpà wá sẹ́nu ọ̀nà ilé?"

Josiah fọwọ́ ra irùngbọ̀n. "Òjò ni. Ọdún tí bàbá mi kú, òjò kò jẹ́ ká dé igbó, a bá yìn ín nílé. Lọ́dún kejì, òjò kò rọ̀, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ń dùn wá."

"Ẹsẹ̀ dídùn lẹ wá sọ di àṣà. Inú igbó la ti ń yọ ọdẹ kúrò nínú igbó, Bàbá. Òfin káńsù yìí kò lé wa kúrò nídìí ìpà. Ó ń lé wa padà síbẹ̀ ni."

Josiah dìde, ó mú fìlà rẹ̀.

Ní Tọ́sìdeè, wọ́n gba ọ̀nà Ògbómọ̀ṣọ́ lọ sẹ́yìn oko Bàbá Saifudeen. Àánúolúwapọ̀ gbé téèpù wá, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ ìwọ̀n láti ara ilé tó kẹ́yìn. Josiah ní kí wọ́n jẹ́ kí òun fẹsẹ̀ wọ̀n ọ́n.

"Bàbá, ẹsẹ̀ yín gùn ju òfin lọ," ni ọmọbìnrin náà wí, ó sì ń fa téèpù rẹ̀ lọ.

Kìlómítà kan pé. Wọ́n gbójú sókè, òpó igbó ọba rèé níwájú, tí wọ́n fi ẹfun kùn. Àyè tó wà láàrin méjèèjì kò ju ẹsẹ̀ bàtà ogójì lọ, bí àgbàlá ilé kan báyìí. Igi ẹmi kan, igi tí a ti ń rí òrí, dúró láàrin rẹ̀ gbọnin. Kì í ṣe ti ìlú, kì í ṣe ti igbó ọba. Ilẹ̀ bàbá ni. Àánúolúwapọ̀ kọ ọ́ sínú ìwé, ọlọ́pàá sì lù ú ní òǹtẹ̀ ní tésàn.

Ní Sátidé, tí oòrùn kan àtàrí, ọdẹ láti Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́ lé ní ọgọ́ta. Wọ́n fi fìlà àti àpò bàbá kọ́ igi ẹmi. Ọlọ́pàá kan fara ti ọ̀kadà rẹ̀, ìwé wà lọ́wọ́ rẹ̀. Josiah ni ipò tọ́ sí láti kọ́kọ́ yìn, ṣùgbọ́n ó bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Dépò, yìn ín. Ìwọ lo rí ọ̀nà."

Gbàù! Ẹyẹ tú nínú igbó ọba. Ọládépò kì ìbọn, ó yìn ín. Ó tún kì í, ó tún yìn ín. Raliat àti àwọn obìnrin ilé dúró níbi ilé tó kẹ́yìn, Raliat ń fi ìka ka ìró ìbọn. Nígbà tí ìkeje dún, ó ká ọwọ́ kò, ó gbé orí sókè, ó ní, "Bàbá mi ti jáde."

Lábẹ́ igi, ọlọ́pàá pa ìwé dé. "Méje pé. Kò sẹ́jọ́." Ni àwọn ọdẹ bá gbé Ọládépò sí èjìká, wọ́n sì fi orin gbé e wọ̀lú, ìbọn gbogbo lórí apá, kò sí èyí tí ọlọ́pàá gbà.

Raliat ló sọ ọ́ fún ìyàwó mi, lọ́jọ́ tó ń wọn bùbá fún un. Ìyàwó mi sọ ọ́ fún mi, èmi náà sì ti gbé e dé ọ̀dọ̀ yín. Bí iyọ̀ bá pọ̀ díẹ̀ nínú rẹ̀, ẹ má bá Raliat wí.