Gbólóhùn Ìbítáyọ̀

Tíṣà Olúsànyà kì í ṣe ènìyàn burúkú. Mo fẹ́ kí ẹ kọ́kọ́ mọ̀ bẹ́ẹ̀, nítorí mo bú u lọ́dún náà, mo sì mọ èébú í bú.

Òun ló ń kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì ìwé mẹ́fà ní Ìjù-Odò. Lọ́jọ́ náà, “so” àti “that” ti èdè Gẹ̀ẹ́sì ló ń kọ́ wọn. Mildred ló ṣàlàyé rẹ̀ fún mi: wọ́n máa ń fi ọ̀rọ̀ bíi gíga tàbí àárẹ̀ sáàárín àwọn méjèèjì, kí èyí èkejì tó sọ ohun tó ti ibẹ̀ jáde. Ọkùnrin kan ga tó bẹ́ẹ̀ tí orí rẹ̀ fi kan àjà. Àwọn ọmọ rẹ́rìn-ín. Tíṣà wá kọ ìdajì gbólóhùn sójú pátákó, “My mother was so ill that”, ó ní kí Mildred parí rẹ̀.

Ìyá Mildred, Ìbítáyọ̀, ni ẹ̀gbọ́n mi. Láti ọdún Àjíǹde ló ti dùbúlẹ̀, tí ikùn rẹ̀ ń wú, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń gbẹ. Dókítà ti ní ká máa gbé e lọ sílé. Ṣùgbọ́n nílé wa, a kì í fi ẹnu parí àìsàn. Bí wọ́n bá béèrè ara rẹ̀, à á ní ara ń mókun, bí kò tilẹ̀ mókun. Àlejò ni Tíṣà, kò mọ̀ pé ìyá ọmọ náà wà lórí ẹní.

Mildred dìde, ó ń wo pátákó. Ọmọ kan kígbe láti ẹ̀yìn pé ìyá náà kú. Tíṣà ní ó tọ̀nà, kí Mildred tún un sọ. Mildred kó ìwé rẹ̀, ó wálé.

Ó ní òun kò lọ mọ́, òun á máa bá mi fún epo. Mo gbè é lẹ́yìn. Mo lọ bú Tíṣà débi tí ẹnu fi ro mí. Ó wá sílé wá bẹ ọmọ náà, ọmọ náà sá lọ sóko.

Ìbítáyọ̀ gbọ́. Ìwé méjì ni wọ́n ti mú òun fúnra rẹ̀ kúrò wá máa ṣa ẹyìn, kò sì sí ohun tó ń fẹ́ láyé mọ́ ju kí Mildred jáde ìwé mẹ́fà.

“Àrìnkẹ́, gbé mi lọ sílé-ìwé.”

“Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ fẹ́ kú sọ́nà ni?”

Mo gbá ẹnu ara mi. Ó rẹ́rìn-ín.

“O ti sọ ọ́. Ṣé ilé wó?”

A gbé e sórí kẹ̀kẹ́. Èmi ń tì í, Mildred ń dì í mú, ó ń sunkún. Nígbà tí a wọlé, gbogbo kíláàsì dìde. Tíṣà sáré fa àga fún un.

“Tíṣà, ẹ kú iṣẹ́. Mo gbọ́ pé gbólóhùn mi kan wà lọ́wọ́ yín. Èmi tí mò ń ṣàìsàn ni mo ni ín, ẹ jẹ́ kí n parí ẹ̀.”

Tíṣà yà kúrò níwájú pátákó.

“Ìyá mi ń ṣàìsàn tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi fẹ́ rí mi nínú kíláàsì kí ó tó lọ. Mildred, kọ ọ́ lóyìnbó.”

Mildred kọ ọ́. Ó fi ṣọ́ọ̀kì kọ ọ́ tán sójú pátákó.

“Èwo ni èmi níbẹ̀?”

“Èyí, Ìye.” Ó mú ìka ìyá rẹ̀, ó gbé e lé ọ̀rọ̀ méjì àkọ́kọ́. Ṣọ́ọ̀kì lẹ̀ mọ́ ìka náà.

A fi Mildred sílẹ̀ ní kíláàsì. Nílé, mo bu omi kí n fọ ọwọ́ Ìbítáyọ̀ kó tó jẹun. Ó fà á sẹ́yìn.

“Fi í sílẹ̀. Ṣíbí ni kí o fi bọ́ mi.”

Lọ́sẹ̀ náà gan-an ló kú, ní ọ̀sán, nígbà tí Mildred wà nílé-ìwé. Èmi ni mo wẹ̀ ẹ́. Mo wẹ gbogbo ara rẹ̀ mọ́ tónítóní. Nígbà tí mo dé orí ìka yẹn, mi ò fọ̀ ọ́.