Orúkọ Tí Wọ́n Pè Lórí Láìnì Àdúrà

1.

...ó sì ti pe orúkọ náà tán kó tó rántí pé wọ́n máa ń gba ohùn sílẹ̀.

2.

Ẹ jẹ́ kí n tún un sọ, mo ti fi ìkánjú bẹ̀rẹ̀.

Aago márùn-ún ìdájí, ọjọ́ Ajé. Oyèrónkẹ́ wà nínú mọ́tò, ó ń ti Grayson, ìlú tó ń gbé ní Amẹ́ríkà, lọ síbi iṣẹ́ ní College Park, ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó kan tí bàálù ń fò kọjá lórí rẹ̀ láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Òun ni nọ́ọ̀sì àgbà ibẹ̀, òun náà ni manager. Fóònù wà lórí spíkà. Àwọn ará ìjọ rẹ̀ ń gbàdúrà lórí láìnì fóònù bí wọ́n ṣe máa ń ṣe láràárọ̀, bí ogójì èèyàn, ọ̀pọ̀ wọn nínú mọ́tò, àwọn mìíràn nínú yunifọ́ọ̀mù.

Ìlànà láìnì náà ò le. Ẹni tó bá fẹ́ kí wọ́n gbàdúrà fún ẹnì kan, kó pe orúkọ onítọ̀hún ní pípé, kó pe orúkọ ìyá rẹ̀, kó sọ ohun tó ń ṣe é. Bí o bá ń fi orúkọ pa mọ́, Uncle Olúṣèyí tó ń darí láìnì á ní, "Ta ni? Ọmọ ta ni?"

3.

OHÙN, ọjọ́ Ajé, 5:22

OYÈRÓNKẸ́: Ẹ bá mi rántí Praise Olúwafẹ́misí níwájú Olúwa, ọmọ Ṣìkẹ́mi. Ọ̀dọ̀ mi ló ti ń ṣiṣẹ́. Ẹ̀mí kan ló dè é. Obìnrin bíi tirẹ̀ ló fẹ́, ìyàwó òun ló ń pè é. Olúwa, má jẹ́ kó ṣègbé.

GBOGBO LÁÌNÌ: Àmín.

4.

Àwọn kan ní kò sunkún. Mo ti gbọ́ ohùn yẹn lẹ́ẹ̀mẹrin. Ó sunkún.

Ẹ má tíì bínú sí i. Ó fẹ́ràn ọmọ náà. Ṣìkẹ́mi ló bẹ̀ ẹ́ lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn pé kó bá òun wá iṣẹ́ fún Praise, ó sì mú un wọlé. Praise ò já a kulẹ̀ rí. Nígbà tí Oyèrónkẹ́ kọ̀wé sí ilé iṣẹ́ pé ẹ̀sìn òun ò gba òun láyè láti ṣiṣẹ́ ní Sunday, wọ́n gbà fún un. Praise ló ń bá a ṣe gbogbo Sunday láti ìgbà náà.

Ẹ bi mí léèrè ẹni tó sọ ti ìyàwó fún un.

5.

FỌ́Ọ̀MÙ ÒṢÌṢẸ́
Ẹni tí a ó pè bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀: *Lucy*
Kí ló jẹ́ sí ọ: *Ìyàwó mi*
Ẹni tó lè ka fọ́ọ̀mù yìí: manager nìkan

6.

Ọjọ́ tí Praise fún Oyèrónkẹ́ ní fọ́ọ̀mù náà:

PRAISE: Aunty, ẹ̀yin nìkan lẹ máa rí i, àbí?
OYÈRÓNKẸ́: Èmi nìkan.
PRAISE: Mummy mi ò mọ̀ o.
OYÈRÓNKẸ́: Mo gbọ́.
PRAISE: Ṣé ẹ̀ ń bínú ni?
OYÈRÓNKẸ́: Lọ gbé oògùn fún Room 9.

7.

(Mo ti yọ eléyìí. Ohun tó kọ́kọ́ rò lọ́kàn nígbà tó ka fọ́ọ̀mù ni. Kò kan ẹnikẹ́ni.)

8.

WHATSAPP, ọjọ́ Ajé

UNCLE OLÚṢÈYÍ 8:40: Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣe night shift, àdúrà òní rèé. Ẹ gbọ́ ọ, ẹ fi ránṣẹ́ sáwọn èèyàn yín.
OYÈRÓNKẸ́ 9:05: Uncle, ẹ jọ̀ọ́ ẹ yọ ibi tí mo ti sọ̀rọ̀.
UNCLE OLÚṢÈYÍ 9:06: Kí ló dé? Àdúrà ni.
OYÈRÓNKẸ́ 9:06: Ẹ jọ̀ọ́ sà.
UNCLE OLÚṢÈYÍ 9:14: Mo ti delete ẹ.
UNCLE OLÚṢÈYÍ 9:15: Àmọ́ wọ́n ti gbé e lọ sí group àwọn ìyá Grayson.

9.

Ṣìkẹ́mi wà nínú group yẹn.

10.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Praise wá síbi iṣẹ́. Ó kúnlẹ̀ kí Oyèrónkẹ́ bó ṣe máa ń kúnlẹ̀. Kò wo ojú rẹ̀.

11.

LẸ́TÀ LÁTI HR, ọ́fíìsì tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́. Èmi ni mo túmọ̀ rẹ̀. Òyìnbó ọ́fíìsì le ju báyìí lọ.

*Òṣìṣẹ́ yín kan ti fi ohùn kan ránṣẹ́ sí wa. A ò bá ìgbàgbọ́ yín jà. Ẹ lè gbàdúrà bó ṣe wù yín nílé àti ní ìjọ yín. Òfin tó dáàbò bo ẹ̀sìn yín náà ló dáàbò bo òṣìṣẹ́ tí ẹ pe orúkọ rẹ̀. Ìbéèrè kan la ní: níbo lẹ ti mọ ohun tí ẹ sọ? Ẹ wá ní Ọjọ́bọ̀, aago méjì ọ̀sán. Kó tó dìgbà náà, ẹ má bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí.*

12.

ÌDÁHÙN TÓ KỌ SẸ́YÌN ÌWÉ ÌJỌ

Mo gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn èèyàn. — *ó pa á rẹ́*

Òun fúnra rẹ̀ ló sọ fún mi. — *ó pa á rẹ́, ó tún un kọ, ó pa á rẹ́*

Ṣé àdúrà ti di ẹ̀ṣẹ̀ ní Amẹ́ríkà ni?

fọ́ọ̀mù

Ẹ̀rù ń bà á. Mi ò ní purọ́ fún yín, iṣẹ́ rẹ̀ ló kọ́kọ́ ń bà á lẹ́rù. Ogún ọdún ló fi ṣe nọ́ọ̀sì. Ó ní kí ẹlòmíràn bá òun gún arúgbó kan lábẹ́rẹ́.

13.

Ọjọ́rú, Praise ò wá síbi iṣẹ́. Kò pe ẹnikẹ́ni.

14.

FÓÒNÙ, Ọjọ́rú, 12:10

ṢÌKẸ́MI: Rónkẹ́, Olúwa á san ẹ́ lẹ́san rere.
OYÈRÓNKẸ́: Mummy Praise, ẹ káàsán ma. Praise dà?
ṢÌKẸ́MI: Ó wà lọ́dọ̀ wa. Mo ní ara mi ò yá, ló bá sáré wá lálẹ́ àná. Ó wà ní basement, lábẹ́ ilé. Ó ń gbààwẹ̀.
OYÈRÓNKẸ́: Ṣé òun ló ní òun fẹ́ gbààwẹ̀?
ṢÌKẸ́MI: Àánú Ọlọ́run la ń wá.
OYÈRÓNKẸ́: Ṣé ó ń mu omi, ma?
ṢÌKẸ́MI: Ọjọ́ mẹ́ta péré ni.
OYÈRÓNKẸ́: Ẹ fún un ní fóònù, kí n bá a sọ̀rọ̀.
ṢÌKẸ́MI: Ọwọ́ mi ni fóònù ẹ̀ wà. Ọmọbìnrin yẹn ń pè é ṣáá.
OYÈRÓNKẸ́: Ọmọ ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni Praise, ma. Ẹ ò lè tì í mọ́lé.
ṢÌKẸ́MI: Ta ló tì í? Ọmọ mi ni. Má sọ fún ẹnikẹ́ni o. Ìwọ náà lo ṣáà bẹ̀rẹ̀ ẹ̀.

15.

Ìbẹ̀rù yí padà. Ti iṣẹ́ ṣì wà níbẹ̀, àmọ́ ó ti bọ́ sẹ́yìn. Nọ́ọ̀sì ni Oyèrónkẹ́. Ó mọ ohun tí ọjọ́ mẹ́ta láìmu omi ń ṣe sí èèyàn.

Ó lè pe ọlọ́pàá. Ó gbé fóònù, ó gbé e kalẹ̀. Wọ́n á bi í bó ṣe mọ̀. Wọ́n á mú Ṣìkẹ́mi. Gbogbo ìjọ á gbọ́ pé òun ló ké sí ọlọ́pàá. Ó fẹ́ gbàdúrà, àdúrà ò wá.

16.

FÓÒNÙ ORÍ TÁBÌLÌ NỌ́Ọ̀SÌ, Ọjọ́bọ̀, 1:52

OBÌNRIN KAN: Ẹ jọ̀ọ́, ṣé Praise wà níbi iṣẹ́? Lucy lorúkọ mi. Ìyàwó rẹ̀ ni mí.
OYÈRÓNKẸ́: Kò sí níbí.
LUCY: Alẹ́ kejì rèé tí kò sùn sílé. Ó ní ìyá òun ń ṣàìsàn. Mi ò mọ ilé ìyá rẹ̀, kò mú mi débẹ̀ rí. Ọlọ́pàá ní àgbàlagbà ni, kí n ní sùúrù.
OYÈRÓNKẸ́: (ó gbé fóònù mọ́ etí)
LUCY: Ẹnì kan níbẹ̀ ló tú àṣírí ẹ̀. Mo bẹ̀ ẹ́ títí, kò dárúkọ ẹni náà fún mi. Ó ní ẹni náà ti ṣe òun lóore rí, òun ò fẹ́ kí n kórìíra ẹ̀.

Obìnrin HR yọrí lẹ́nu ọ̀nà. Ó ní àwọn ti ṣe tán.

LUCY: Hello? Ta ni mò ń bá sọ̀rọ̀?
OYÈRÓNKẸ́: Mo mọ ilé ìyá ẹ̀. Ṣé bírò wà nítòsí ẹ?
LUCY: Ó ti wà lọ́wọ́ mi.

Obìnrin HR dúró. Ó ń gbọ́.

OYÈRÓNKẸ́: