Borghild Yà Sápá Òsì

"O kò kúkú pẹ́ jù," ni Arnfinn wí. Ó ti dìde lórí àpáta tó jókòó lé, ó sì ti ń de okùn akoto rẹ̀ mọ́ àgbọ̀n. "Ó yá, ká máa lọ."

Borghild kò tíì sọ̀ kalẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kan wà nílẹ̀, àyà rẹ̀ ń lọ sókè sódò bíi ti ajá tó lé ehoro. "Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni, Arnfinn."

"Mo mọ̀. Èmi ti wà níbí tipẹ́, òtútù ti ń mú mi. Wo òjò lọ́hùn-ún, ó ń bọ̀."

"Jẹ́ kí n mumi."

"Mu ún bí a bá ṣe ń lọ. Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ló kù báyìí, kẹ̀kẹ́ á máa yí fúnra rẹ̀."

Ó gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀. Òkúta wẹ́wẹ́ ta pàrà lábẹ́ táyà. Kò pẹ́ tó fi di ẹ̀wù pupa kékeré kan lójú ọ̀nà nísàlẹ̀.

Bí wọ́n ti ń ṣe é nìyẹn láti ìgbà tí wọ́n ti fẹ́ra. Lọ́dọọdún, bí yìnyín bá ti yọ́ tán lórí òkè, wọn á di ẹrù mọ́ kẹ̀kẹ́ nílé wọn ní Hamar, wọn á sì gba àwọn ọ̀nà tí kò lọ́dà la àárín àwọn òkè kọjá. Arnfinn, tó ń ṣiṣẹ́ ẹ̀rọ omi, ló máa ń ṣáájú. Á gun òkè náà dókè, á jókòó, á mu kọfí rẹ̀, á sinmi dáadáa. Bí Borghild bá wá yọ, tó ń mí hẹlẹhẹlẹ, ìsinmi ti parí nìyẹn. Ẹni tó lágbára ló ń sinmi, ẹni tó ti rẹ̀ ni kì í sinmi. Borghild sì ti gbà á bí èèyàn ṣe ń gba ojú ọjọ́.

Ṣùgbọ́n tọdún yìí yàtọ̀, nítorí òun fúnra rẹ̀ ló yan ọ̀nà. Ó ti fi iṣẹ́ tó ń ṣe lọ́dọ̀ dókítà eléyín sílẹ̀. Ní gbogbo ìgbà òtútù ló ń tẹ́ máàpù sórí tábìlì ìdáná, tó ń fi ìka tọ àwọn ọ̀nà tóóró tó wà ní Valdres, níbi tí àwọn èèyàn ṣì ń kó màlúù àti ewúrẹ́ lọ sí àbà orí òkè nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ó fẹ́ rí àwọn ẹran náà. Ó fẹ́ jókòó létí adágún, kó jẹun nínú àbà ẹnìkan. Àmọ́ láti ìgbà tí wọ́n ti sọ̀ nínú ọkọ̀ ojú irin tó gbé wọn wá, ẹ̀yìn ọkọ rẹ̀ ló ń rí.

Nígbà tó sọ̀ dé ìsàlẹ̀, ọ̀nà pín sí méjì. Ipa táyà Arnfinn gba apá ọ̀tún, ọ̀nà tó gba orí afárá kọjá lókè odò jíjìn kan, tó sì yá jù dé abúlé tí wọ́n máa sùn. Tòsì gba ẹ̀gbẹ́ adágún lọ sáàárín àwọn àbà. Ọ̀nà méjèèjì tún pàdé níwájú.

Borghild dúró. Ó gbọ́ agogo ọrùn ẹran lápá òsì, kò rí ẹran. Ó yọ fóònù, ó kọ ọ́ sí i pé: *Mo gba òsì. Ká pàdé ní abúlé.* Ó fi ránṣẹ́, ó ti fóònù bọ àpò, ó sì yí ọwọ́ kẹ̀kẹ́ sápá òsì.

Àbà tó kọ́kọ́ kàn, obìnrin arúgbó kan tó wọ bàtà rọ́bà ń da omi nù lẹ́nu ọ̀nà.

"Ìwọ nìkan ni, àbí àwọn oníkẹ̀kẹ́ bí ọmọ ogun ṣì ń bọ̀ lẹ́yìn? Àwọn ti àná lá ìkòkò mi mọ́ bí ajá."

"Èmi nìkan ni, màmá."

"Màmá ta ni? Gyda ni mò ń jẹ́. Wọlé kí òjò tó bá ọ."

Gyda bu ẹ̀kọ tó fi ọ̀rá wàrà kíkan sè fún un, ó bu ṣúgà sí i, ó sì gé wàràkàṣì ewúrẹ́ tó pọ́n bí èèpẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ọmọ ewúrẹ́ kan rọra wọlé, ó ki imú bọ àpò Borghild.

"Ṣé o kò lọ́kọ ni?"

"Mo ní. Ó wà níwájú."

"Níwájú ibo?"

"Ibikíbi tí mo bá wà, iwájú ibẹ̀ ló máa ń wà."

Gyda rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Tèmi, ẹ̀yìn ló máa ń wà. Màá ti fún wàrà tán kó tó rí bàtà rẹ̀. Ọlọ́run dẹlẹ̀ fún un, ó tún pẹ́ kó tó kú."

Borghild náà rẹ́rìn-ín. Ó jẹ ẹ̀kọ náà tán, ó tún gba ìkejì. Òjò ń rọ̀ lórí páànù, kò sì sí ẹni tó ní kó dìde. Nígbà tó yọ fóònù láti ya ọmọ ewúrẹ́ náà ní fọ́tò ló tó rí i pé iṣẹ́ tó rán kò lọ.

"Ẹ gbà mí. Kò sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì níbí ni?"

"Àfi bí o bá gun òrùlé."

Borghild dìde. "Kò mọ̀ pé mo yà. Á rò pé mo já sínú odò."

Gyda já kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ lára ìṣó.

Ohùn Arnfinn ni wọ́n kọ́kọ́ gbọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ afárá, ohùn tó ti ha pátápátá, tó ń pe Borghild lábẹ́ ọ̀nà. Kẹ̀kẹ́ rẹ̀ wà níbi tí ọ̀nà ti yí, táyà iwájú ti tẹ̀. Òun alára jókòó sínú koríko létí omi, ó fi ọwọ́ ọ̀tún di apá òsì mú, ẹrẹ̀ dé ìbàdí rẹ̀. Ó ti dúró níwájú títí, ó ti padà, ó sáré ju bó ṣe yẹ lọ, ó sì ṣubú níbi tí ọ̀nà ti yí náà. Lẹ́yìn tí egungun èjìká rẹ̀ ti dá, ó ṣì sọ̀ kalẹ̀ lọ wo inú omi.

Ó wo Borghild bí ẹni tó rí òkú. "O wà láàyè."

"Mo wà. Arnfinn, apá rẹ!"

"Mo wá gbogbo inú omi," ló wí, ó sì bú sẹ́kún.

Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta há mọ́ iwájú ọkọ̀ Gyda. Arnfinn fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú.

"Níbo lo wà?"

"Àbà kan. Mò ń jẹ ẹ̀kọ."

"Ẹ̀kọ! Èmi ń wá òkú rẹ nínú odò, ìwọ ń jẹ ẹ̀kọ."

"Ẹ̀kọ gidi ni o," ni Gyda wí.

"Mo ránṣẹ́ sí ọ, kò lọ," ni Borghild wí. "Ó yẹ kí n wò ó dáadáa. Ẹ̀bi mi nìyẹn, má bínú. Àmọ́ yíyà tí mo yà, mi ò ní bẹ̀bẹ̀ fún ìyẹn."

"Kí ni mo ṣe fún ọ? Kò sí òkè kan tí mi ò dúró dè ọ́ rí."

"O ń dúró dè mí, òótọ́ ni. O kì í dúró tì mí."

Gyda pa jíà dà. Wọ́n ti dé ojú ọ̀dà kí Arnfinn tó tún lanu.

"Mo rò pé bí mo bá ṣáà ti ń dúró, ó tó."

Ní ilé ìwòsàn ní Fagernes, dókítà di apá rẹ̀ mọ́ àyà, ó ní egungun náà á so fúnra rẹ̀. Ingvild, ọmọ wọn, ti ń bọ̀ wá gbé wọn. Wọ́n jókòó sórí bẹ́ńṣì níta láti dúró dè é, Gyda sì wà nínú ọkọ̀ rẹ̀, ó ń fetí sí rédíò.

"Ingvild lè gbé kẹ̀kẹ́ rẹ náà sẹ́yìn mọ́tò," ni Arnfinn wí.

"Kẹ̀kẹ́ mi wà ní àbà. Mi ò bá yín lọ." Borghild kò wojú rẹ̀. "Mo bi Gyda bóyá mo lè sùn lọ́dọ̀ rẹ̀. Ó ní bí mo bá lè fún wàrà, kí n máa bọ̀. Lẹ́yìn náà, màá parí ọ̀nà yìí díẹ̀díẹ̀, bó bá ṣe wù mí."

"Ta ló máa gé búrẹ́dì fún mi? Apá kan ṣoṣo ni mo ní."

"Ọwọ́ ọ̀tún ló kù, òun náà lo sì fi ń jẹ ẹ́."

Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, èjìká rẹ̀ kò gbà á láyè.

Nígbà tí Ingvild dé tó gbọ́, ojú rẹ̀ pọ́n. "Màmá, ẹ fẹ́ fi bàbá sílẹ̀ pẹ̀lú egungun dídá? Nítorí gígun kẹ̀kẹ́? Kí lẹ fẹ́ kí n sọ fáwọn èèyàn?"

Arnfinn ló dáhùn, pẹ̀lú ìyókù ohùn tó ní.

"Fi ìyá rẹ sílẹ̀. Nítorí òkè yìí ló ṣe wá. Jẹ́ kó lọ wò ó."

Ingvild wo àwọn méjèèjì, ó mi orí, ó sì lọ ṣí ilẹ̀kùn ọkọ̀. Borghild ran ọkọ rẹ̀ lọ́wọ́ wọlé. Ó ti ń na ọwọ́ sí bẹ́líìtì ìjókòó nígbà tí Arnfinn di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Bí o bá débi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì wà, máa sọ ohun tí o bá rí fún mi."

"Ohun wo?"

"Ohunkóhun. Àwọn ewúrẹ́. Adágún yẹn." Ó fi ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. "Èmi náà ò rí nǹkan kan ní gbogbo ọdún wọ̀nyí."

"Màá sọ fún ọ," ni Borghild wí. Ó rọra fa bẹ́líìtì náà kọjá lára rẹ̀, ó yẹra fún èjìká tó dá, ó sì dì í pinpin kó tó ti ilẹ̀kùn.