Ẹni Tó Ju Òkúta Náà

"Kọ ọ́ bí mo ṣe ń sọ ọ́ gẹ́lẹ́," ni Ọ̀gá wí. "Má fi kún un, má sì yọ níbẹ̀. 'Ọmọ ọdún méjìlá ni mí lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ fẹsẹ̀ ara mi wọ pápá bọ́ọ̀lù.' Ṣé o ti kọ ìyẹn?"

"Mo ti kọ ọ́, sà," ni Akọ̀wé dáhùn.

Ọ̀gá fẹ̀yìn ti ògiri, ó pa ojú dé bí ẹni tó ń lá oyin. Nínú yàrá kejì, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ń dún gbàgà gbàgà, tábìlì Akọ̀wé ń gbọ̀n, omi inú ife rẹ̀ náà ń gbọ̀n.

Ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù ìlú náà ló pé àádọ́ta ọdún. Wọ́n ní kí àwọn olólùfẹ́ ẹgbẹ́ kọ ìrántí ọjọ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n lọ wo bọ́ọ̀lù ránṣẹ́, wọ́n fẹ́ fi ṣe ìwé. Ilé ìtẹ̀wé Ọ̀gá ló gba iṣẹ́ náà, Akọ̀wé ló sì ń tẹ̀ ẹ́ sórí kọ̀ǹpútà. Ó ti tó ọjọ́ mẹ́rin tó ti wà lẹ́nu rẹ̀. Ọ̀kan kọ̀wé pé bàtà òun sọnù sáàárín èrò, òun sì fi ẹsẹ̀ lásán rìn délé tẹ̀ríntẹ̀rín. Obìnrin kan ní òun ò rí bọ́ọ̀lù rárá lọ́jọ́ náà, ẹ̀yìn àwọn ọkùnrin lásán ni òun ń wò, àmọ́ òórùn koríko tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gé ò kúrò nímú òun títí dòní. Akọ̀wé ń gbádùn rẹ̀. Ìgbà tó dé orí ìkẹsàn-án ni ẹ̀rín kúrò lẹ́nu rẹ̀, torí ọjọ́ tí wọ́n na rẹfirí ni ẹni yẹn ń rántí. Títí wọ́n fi kó bébà tó kù wá, èèyàn mẹ́fà ló ti sọ ọ̀rọ̀ ọjọ́ náà. Akọ̀wé tẹ gbogbo rẹ̀, kò bá ẹnikẹ́ni sọ ọ́. Àṣé ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ.

"'Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ló mú mi lọ,'" ni Ọ̀gá ń wí. "'Orí ògiri la jókòó sí. Ọ̀mì ni wọ́n ń gbá bọ̀, ọ̀kan sí ọ̀kan. Ó ku bí ìṣẹ́jú mélòó kan kó parí ni rẹfirí ọ̀bàyéjẹ́ kan bá fọn fèrè, ó fún àwọn àlejò ní pẹ́nárítì.'"

Ẹ̀rọ dákẹ́. Tàdáwà, ẹni tó ń darí rẹ̀, tí wọ́n sọ lórúkọ bẹ́ẹ̀ nítorí pé ọwọ́ rẹ̀ kì í mọ́ láé, ti pa á kó lè gbọ́ dáadáa. Ó wá dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"'Gbogbo èèyàn ń sọ òkò. Òkúta tèmi ò tóbi ju ẹyin adìyẹ lọ. Mo fojú sùn ún, mo jù ú. Ojú òsì rẹfirí gan-an ló bà! Ó lọlẹ̀ gbì bí àpò sìmẹ́ǹtì. Ẹ̀gbọ́n mi gbé mi sí èjìká, gbogbo èrò ń kígbe pé, Atamátàsé! Atamátàsé! Láti ọjọ́ náà ni orúkọ yẹn ti mọ́ mi lára.'"

Tàdáwà pàtẹ́wọ́. "Ọ̀gá mi! Àṣé orúkọ orí pátákó wa yẹn, ẹ̀jẹ̀ ló wà nídìí ẹ̀!"

"Ìwọ rò pé ẹnu lásán ni?" Ọ̀gá ń rẹ́rìn-ín.

Ọdún mẹ́rin ni Akọ̀wé ti ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ó ti rò pé nítorí pé ọwọ́ Ọ̀gá kì í yẹ̀ tó bá ń gé bébà ni wọ́n ṣe ń pè é ní Atamátàsé.

"Rẹfirí yẹn ńkọ́, sà?" ó béèrè. "Kí ló padà ṣẹlẹ̀ sí i?"

"Ta ló mọ̀? Bóyá ó ti kú. Ṣé rẹfirí ló kù tá a ó máa wá kiri ni? Ìwọ náà ẹ̀, máa tẹ̀wé ẹ jàre."

Àwọn ọkùnrin méjèèjì bú sẹ́rìn-ín. Akọ̀wé tẹ "Atamátàsé," ó fi gbogbo àmì rẹ̀ sí i, kò ṣì í.

*

Nígbà tó délé ní ìrọ̀lẹ́, bàbá rẹ̀ wà níbi tó máa ń wà, lórí àga tí wọ́n yí sí ẹ̀gbẹ́ kan kí ojú ọ̀tún lè kọ sí ilẹ̀kùn. Ojú òsì ti jìn wọnú, ìpéǹpéjú bò ó mọ́lẹ̀. Wọ́n ń gbá bọ́ọ̀lù lórí rédíò, ó sì ń bá a sọ̀rọ̀. "Òfo ni! Ṣé rẹfirí yìí sùn ni?"

Akọ̀wé ò tíì pé ọmọ ọdún kan nígbà tí ojú yẹn fọ́. Bàbá tí òun mọ̀ ò wọ pápá rí, àmọ́ inú ilé ló ń ṣe rẹfirí. Ìyá rẹ̀ ò gbọ́dọ̀ fi ìdérí ìkòkò sílẹ̀ lóde, ọmọ ò gbọ́dọ̀ ṣi ọ̀rọ̀ kan kà, bàbá á ti lu tábìlì. Ìyá fara dà á fún ọdún mẹ́fà. Ní ọ̀sán gangan ọjọ́ kan, ó kó ẹrù rẹ̀, ó ní ẹni tó bá fẹ́ fèrè kó máa bá fèrè gbé. Ó ku Akọ̀wé pẹ̀lú adájọ́ nílé.

Ó gbé omi kaná, ó wá jókòó. "Bàbá, mo ti mọ ẹni tó fọ́ yín lójú."

Bàbá pa rédíò. "Ta ni?"

"Ọ̀gá mi níbi iṣẹ́ ni."

Omi hó, Akọ̀wé lọ pa iná, ó padà wá, bàbá rẹ̀ ò tíì mira.

"Ṣé ojú ń tì í?" ó béèrè níkẹyìn.

"Rárá, Bàbá. Ó ń fi yangàn ni."

"Kà á fún mi."

Báwo ló ṣe mọ̀ pé bébà tí òun tẹ ọ̀rọ̀ Ọ̀gá sí wà nínú àpò òun? Akọ̀wé yọ ọ́, ó kà á. Nígbà tó dé ibi àpò sìmẹ́ǹtì, bàbá ní kó tún ibẹ̀ kà. Ó tún un kà.

"Sọ ẹni tí mo jẹ́ fún un," ni bàbá wí. "Ní kó wá sílé."

"Kí lẹ fẹ́ fi ṣe, Bàbá?"

"Kí ni olójú kan lè fi ẹnikẹ́ni ṣe? Ṣáà ní kó wá."

*

Nígbà tí Akọ̀wé sọ ọ́ fún Ọ̀gá láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Ọ̀gá dìde, ó tún jókòó.

"Bàbá rẹ? Bàbá tó bí ẹ lọ́mọ?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Fún ìṣẹ́jú kan, ẹnu rẹ̀ ń gbọ̀n, Akọ̀wé sì rò pé ó fẹ́ sunkún. Àfi gbàà, ó lu tábìlì!

"Ìwé wa ti di àrà ọ̀tọ̀! Èmi àti rẹfirí, lójú ewé kan náà! Tàdáwà, bá mi ti fóònù mi bọ iná, fọ́tò ń bẹ tá a máa yà. Akọ̀wé, tá a bá fẹ́ yà á, sọ fún wọn kí wọ́n yíjú díẹ̀, kí ojú òsì lè hàn kedere."

"Ọ̀gá, ẹ rọra," ni Tàdáwà sọ wúyẹ́wúyẹ́. Kò rẹ́rìn-ín lọ́tẹ̀ yìí.

"Ṣé mo ní mi ò ní bẹ̀ wọ́n ni? Màá bẹ̀ wọ́n. Tí mo bá bẹ̀ wọ́n tán, a ó ya fọ́tò."

Ọ̀gá dé ilé wọn ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ Sátidé. Ó wọ jẹ́sì ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù náà sábẹ́ kóòtù, ó gbé àpò ọsàn kan dání. Bàbá ti fá irùngbọ̀n fúnra rẹ̀, ó sì ti fi abẹ ya ara rẹ̀ lábẹ́ etí. Akọ̀wé gbé àga fún àlejò, ó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ foríjì mí," ni Ọ̀gá wí kíákíá, bí ọmọ tó há ọ̀rọ̀ sórí. "Ọmọdé ló ń ṣe mí. Èmi ni."

"Ìwọ ni kí ni?"

"Èmi ni mo ju òkúta tó bà yín lójú." Ẹnu rẹ̀ ń bẹ̀bẹ̀, àmọ́ ẹ̀rín kékeré kan ń yọ́ rìn ní igun rẹ̀.

Bàbá tẹ̀ síwájú. "Níbo lo wà lọ́jọ́ náà?"

"Orí ògiri, sà. Lẹ́yìn àwọ̀n ti ìwọ̀ oòrùn."

Bàbá bú sẹ́rìn-ín. Akọ̀wé ò gbọ́ irú ẹ̀rín bẹ́ẹ̀ lẹ́nu rẹ̀ rí, ó dùn bí ẹ̀rín ọ̀dọ́mọkùnrin.

"Ọ̀rẹ́ mi, òkúta tìrẹ ò dé ọ̀dọ̀ mi. Kò sí òkúta tó bà mí lójú. Ọ̀kan nínú àwọn èèyàn mi, ẹni tó ń mú àsíá létí pápá, òun ló fi igi àsíá gún mi lójú nígbà tó ń sá lọ. Ó bẹ̀ mí títí kó tó kú."

"Rárá o, Bàbá. Mo rí i! Bí mo ṣe jù ú báyìí lẹ lọlẹ̀."

"Èèyàn mélòó ló ń sọ òkò?"

"Wọ́n pọ̀, sà."

"Gbogbo wọn ló rí i pé àwọn ló bà mí. Ìwọ ni ìkẹrin tó máa jókòó sórí àga yẹn. Ọ̀kan tiẹ̀ sunkún níbẹ̀ títí ó fi ń làágùn. Mo ní kó máa lọ ilé, kò ṣe nǹkan kan."

Ẹ̀rín ti pòórá lójú Ọ̀gá. "Ẹ̀gbọ́n mi rí i, Bàbá. Òun ló gbé mi sí èjìká. Òun ló kọ́kọ́ pè mí ní Atamátàsé."

"Ẹ̀gbọ́n rẹ fẹ́ràn rẹ ni. Ṣebí bí a ṣe ń tan ọmọdé nìyẹn kó lè sùn. Níbo ló wà báyìí?"

"Ó ti kú, sà."

"Háà. Kò sẹ́ni tí wàá bi mọ́ nìyẹn."

Nígbà tí Ọ̀gá dìde, kò rántí fóònù tó wà nínú àpò rẹ̀, kò sì wo ojú Akọ̀wé. Wọ́n gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, ó ń sọ̀kalẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan bí arúgbó.

"Bàbá, ṣé òótọ́ ni?" ni Akọ̀wé béèrè. "Ṣé igi àsíá ni?"

Bàbá ti mú ọsàn kan nínú àpò, ó ń bó o. "Òkúta ni. Òun ló jù ú. Ẹ̀wù pupa ló wọ̀, mo sì rí i bó ṣe di ojú kan tó fi ìkejì sùn mí. Ohun tí ojú yìí rí kẹ́yìn nìyẹn."

"Kí ló wá dé tí ẹ..."

"Ìwọ rò pé ìdáríjì ló wá gbà? Tí mo bá ní òun ni, á bẹ̀ mí, màá ní kò burú, á sì fi orin délé. Ọdún méjìdínlógójì ló ti fi ń jẹ ojú mi yó. Mo gbà á lẹ́nu rẹ̀ lónìí." Ó la ọsàn náà, ó na ìdajì sí ọmọ rẹ̀. "Jẹ ẹ́. Ó dùn."

Kò fún un ní nǹkan báyìí rí láìṣe pé ó kọ́kọ́ bá a wí. Akọ̀wé gbà á. Ó dùn lóòótọ́, ìyẹn gan-an ló dùn ún.

*

Ní ọjọ́ Ajé, oòrùn ti ga kí Ọ̀gá tó dé. Tàdáwà ké sí i láti ìdí ẹ̀rọ pé, "Atamátàsé o!" kò dáhùn. Ó lọ, ó bọ̀. Níkẹyìn, ó fa àga wá sídìí tábìlì Akọ̀wé. Kò jókòó níbẹ̀ rí láti ọdún mẹ́rin.

"Akọ̀wé." Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Bàbá rẹ, ọjọ́ orí ti dé sí wọn. Ṣé wọn kì í gbàgbé nǹkan? Ṣé wọn kì í fi ọjọ́ kan pe òmíràn nígbà mìíràn?"

Ojú rẹ̀ pọ́n bíi tẹni tí kò sùn. Ẹni àádọ́ta ọdún ni, àmọ́ bó ṣe ń béèrè ọ̀rọ̀ náà, bí ọmọ tó sọnù lọ́jà ló rí. Akọ̀wé mọ̀ pé gbólóhùn kan péré ló ń dúró dè. Kó ṣáà ní wọ́n máa ń gbàgbé, sà, ara ọkùnrin yìí á balẹ̀, kò sì ní ná òun ní nǹkan kan. Àánú rẹ̀ ṣe é. Ó tiẹ̀ la ẹnu. Ìgbà náà ló rántí bí Ọ̀gá ṣe lu tábìlì, tó ní kí ojú òsì hàn kedere.

"Wọn kì í gbàgbé nǹkan kan, sà. Tí mo bá ṣi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo kà fún wọn, wọ́n á mọ̀."

Ọ̀gá mi orí.

"Ọ̀sán òní ni ẹgbẹ́ fẹ́ wá wo iṣẹ́ wọn, sà," ni Akọ̀wé wí, ohùn rẹ̀ tutù bíi ti nọ́ọ̀sì tó ń bi aláìsàn pé ibo ló ń dùn ún. "Ṣé ká fi tiyín sílẹ̀ bó ṣe wà ni, àbí ká yọ ọ́?"

Ọ̀gá wo ojú kọ̀ǹpútà títí. Ó kà á láti òkè délẹ̀, ètè rẹ̀ ń mira.

"Yọ ọ́," ó wí.

Akọ̀wé mọ bí wọ́n ṣe ń pa odindi ojú ewé rẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, kò gbà ju kí èèyàn ṣẹ́jú lọ. Ṣùgbọ́n ìlà kan lẹ́yìn ìkejì ló ń pa rẹ́, láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, Ọ̀gá sì jókòó tì í, ó ń wò ó.